Ìbọn Tó Kọ̀ Lójú Oórì

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí inú ṣì ń bí mi sí,

Mi ò ní béèrè àlàáfíà yín. Mo rí ibi tí wọ́n tẹ́ yín sí lánàá, mo sì fi ọwọ́ ara mi bu erùpẹ̀ sí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí àga onígi tí ẹ máa ń jókòó sí bí ẹ bá ń bó ọsàn, tí ẹ ó máa bó o yípo títí èèpo rẹ̀ á fi bọ́ lódidi láì já. Àga náà ṣì ń mì. Láti ìgbà tí mo wà ní kékeré lẹ ti ní ẹ máa kàn án.

Mọ́mì pè mí láti Sìlòfẹ́níà, ìlú òyìnbó tiwọn, láàárọ̀ yìí, ó ní kí n sunkún, ó ní á jẹ́ kí ara tù mí. Ẹkún kọ̀, kò wá. Ìbínú ló wá, ó sì jókòó tì mí síbí bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Ẹ̀yin náà kúkú ti ráyè gbọ́ tèmi báyìí.

Ọjọ́rú ni mo wọ Kàbà. Màmá Tọ́ba, àbúrò yín obìnrin, ló kọ́kọ́ rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi lọ́rùn, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni níbí, ó ní, "Okun o, ọmọ mi. Okun o. Bàbá rẹ ò dúró dè ọ́." Mo fẹ́ bá a sunkún. Àfi bó ṣe nu ojú nù, tó fà mí wọ yàrá, tó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì wa, bá mi wo ẹsẹ̀ yìí. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń wú."

Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló da orí rẹ̀ rú. Mo ní kó máa gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìyá tó ń ta epo ní ìkángun àdúgbò fi dé, ojú tirẹ̀ ló ń ṣomi. Bàbá kan tẹ̀ lé e, òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti wálẹ̀. Ó na apá sí mi, ó dijú, ó ń retí. Kí ni mo lè ṣe? Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, torí ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, tèmi ni mo ti ń kà láti kékeré. Mo ní kó dín iyọ̀ kù. Ó súre fún mi títí ó fi jáde, ó ní iṣẹ́ àánú ni Ọlọ́run gbé lé mi lọ́wọ́.

Ní ìsìn ìdágbére, pásítọ̀ gbàdúrà fún ọmọ olóògbé tí ń tọ́jú aláìsàn lókè òkun. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi nìkan ni mi ò ṣe.

Mo bi Màmá Tọ́ba pé ta ló sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ni mí. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Bàbá rẹ ni. Ta ni ì bá tún sọ fún wa?" Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ máa ń wí nìyẹn láti ọdún gbọ́nhan: nọ́ọ̀sì ni, ó ń ṣe dáadáa, ó ní kí n kí yín. Ẹ tilẹ̀ ti fún mi ní ọsibítù ńlá kan tí mo ti jẹ́ ọ̀gá. Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi gbé ayé kan tí ó wù yín kalẹ̀, ẹ wá fi tèmi sínú àpò.

Bàbá, ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Ẹ mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo Kàbà, torí ẹ̀yin lẹ fi kọ́ mi.

Ṣé ẹ rántí àwọn àárọ̀ Sátidé? Mọ́mì á ti lọ sọ́jà. Ẹ ó gbé ìbọn ṣakabùlà tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín, ẹ ó fi àpò kọ́ mi lọ́rùn, a ó gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé tí ẹ ti ń kọ́ni. Ẹni tó bá pàdé wa, ẹ ó ní mo tẹ̀ lé yín wá ṣa kaṣú ni. Ẹ ó gbé agolo tòmátò sórí kùkùté igi, ẹ ó dúró lẹ́yìn mi, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti èjìká mi kí ìbọn má bàa tari mi ṣubú. Ẹ ní kí n má yìn ín nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé, torí ọkàn tó ń lù kìkìkì máa ń gbọn ẹnu ìbọn. Kí n mí sínú, kí n mí síta, kí n dúró níbi tí èémí ti tán, kí n tó fà á. Agolo fò kúrò lórí kùkùté. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi jókòó sílẹ̀ nínú koríko. Mi ò tíì rí ẹni tó tún fi irú ẹ̀rín yẹn rín mi láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe ohun tó ju ti agolo lọ.

Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lẹ máa ń kìlọ̀ fún mi. Inú ẹgbẹ́ ọdẹ lẹ wà, obìnrin kì í sì í fọwọ́ kan ìbọn ọdẹ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ gbé e lé ọmọbìnrin lọ́wọ́, ẹ ó ṣàlàyé títí. Ẹ ní ohun tí a bá ṣe lórí òkè, orí òkè là ń fi í sílẹ̀ sí. Mo fi í síbẹ̀. Mọ́mì pàápàá ò mọ̀.

Ẹ wá fẹ́ ìyá Káyọ̀dé, ó bí ọkùnrin fún yín, Mọ́mì sì kó ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú èmi, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Sìlòfẹ́níà. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn mọ́. Mo ti jà á tán nígbà ọmọdé, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ní abúlé kan láàárín àwọn òkè tí òjò dídì bò funfun láti ìdí dé orí.

Ní Kàbà níbí, òyìnbó ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti wọ bàtà rí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń rìn lórí síkì kí wọ́n tó mọ̀wé kà, àwọn pákó gígùn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi máa yọ̀ lórí òjò dídì. Èmi ń ṣubú ṣáá ni, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ eré ìdárayá kó wa lọ síbi tí wọ́n ti ń fi síkì sáré tí wọ́n sì tún ń yìnbọn. Ó gbé ìbọn kékeré kan fún mi, bí àwàdà ni. Mo dùbúlẹ̀, mo mí síta, mo dúró níbi tí èémí ti tán. Ojú àmì márùn-ún ló wà níbẹ̀, márààrún ni mo bà. Olùkọ́ bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ṣé ẹ rí bí mo ṣe bá yín pa àṣírí yín mọ́?

Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi ṣe nìyẹn. A ó gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, a ó sáré lórí síkì, a ó gun òkè, a ó sọ̀ kalẹ̀, títí àyà á fi fẹ́ẹ̀ bẹ́. A ó wá dúró lójijì, a ó yìnbọn sí ojú àmì márùn-ún. Èyí tí èèyàn bá tàsé, á lọ yí po ojú ọ̀nà kékeré kan fún ìjìyà kó tó lè máa bá eré lọ, àwọn tí kò tàsé á sì máa kọjá rẹ̀ lọ. Èmi ò yára bí àwọn tí wọ́n bí sórí síkì. Ìbọn ni mo fi ń bá wọn. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ológun kí n lè máa rí owó oṣù gbà nítorí eré, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún eléré níbẹ̀. Mo wọ aṣọ orílẹ̀-èdè wọn, mo dé ìdíje àgbáyé, mo dé Òlíḿpíìkì. Bí mo bá sì ti kọjú sí àmì, Yorùbá yín ni mo fi ń ka: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín, èmi pẹ̀lú ìbọn lẹ́yìn mi. Ẹ ò fèsì. Nígbà tí ẹ máa pè, ẹ bi mí bóyá òtútù ń mú mi, bóyá mò ń jẹun. Mo fi fídíò ránṣẹ́, mo rí i lórí fóònù pé ẹ ti ṣí i. Ẹ kò sọ nǹkan kan. Lọ́dún tí èmi àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta jọ gba ipò kẹta nínú eré tí ẹni mẹ́rin ń pín sá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn ni mo pè yín. Èrò pọ̀, ariwo pọ̀, mo ń kígbe sínú fóònù pé Bàbá, mi ò tàsé ẹyọ kan. Ẹ ní ẹ wà nípàdé, ẹ máa pè mí padà. Àwọn wo ló wà nípàdé yẹn, Bàbá? Ṣé àwọn ọdẹ ni? Ṣé ẹ̀ ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbọ́ ohùn mi ni?

Ẹ ò pè padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo wà níwájú gbogbo wọn nínú eré kan, ó ku ìyìnbọn ìkẹyìn. Mo rò ó nínú mi pé bí mo bá lè ṣe ipò kìíní lónìí, wọ́n á gbọ́ ọ dé Kàbà, Bàbá ò ní lè fi í pamọ́. Ìrònú yẹn ló gbọn ẹnu ìbọn. Mo tàsé méjì. Bí mo ṣe ń yí po ìjìyà náà ni wọ́n ń kọjá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni orúnkún mi bàjẹ́, mo fi eré sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Ẹ pè nígbà yẹn, kíá lẹ pè. Ẹ ní Ọlọ́run ṣeun, kí n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ àná.

Nígbà tí pásítọ̀ ṣe tirẹ̀ tán, àwọn ọdẹ ní ó ku tiwọn. Ọmọkùnrin olóògbé ló gbọ́dọ̀ fi ìbọn olóògbé dágbére fún un kí wọ́n tó rọ́ erùpẹ̀. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n kì sí i, kò sí ọta nínú rẹ̀. Káyọ̀dé ló gbé e. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe ní Lọ́kọ́ja, kò gbé ìbọn rí. Ẹ ní ọmọkùnrin, ẹ ò sì kọ́ ọ. Kí ló dé? Ó dijú, ó fà á. Kò dún. Ó tún fà á. Kò dún.

Olórí Ọdẹ ní ìbọn òkú kì í kọ̀ lásán, ó ní inú olóògbé kò dùn sí ẹnì kan níbí. Kó tó sọ ọ́ tán ni gbogbo ojú ti yí sí mi: àkọ́bí tó jókòó sókè òkun, tí kò wá wo bàbá rẹ̀ nígbà àìsàn. Àìsàn tí ẹ̀yin fúnra yín sọ fún mi pé ibà lásán ni. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn, kí o bẹ bàbá rẹ."

Mo mọ ohun tó ṣe ìbọn yẹn, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yìn ín gbẹ̀yìn, ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé sí ìdí ẹ̀tù ló dí. Ó máa ń dí bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa náà, ẹ̀yin lẹ sì ń ní kí n fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tú u. Ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu sọ ọ́, mo tú yín fó níwájú òkú yín, pé ẹ purọ́ fún ìlú, pé ẹ gbé ìbọn ọdẹ lé obìnrin lọ́wọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, èmi ni ọmọ burúkú tí ìbọn bàbá rẹ̀ kọ̀. Mo dákẹ́. Mo fi orúnkún tó bàjẹ́ yẹn kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo bẹ yín, níwájú gbogbo ìlú, nítorí irọ́ tí ẹ pa. Bí mo ṣe ń bẹ yín ni mò ń bú yín nínú mi. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí Káyọ̀dé. Ó ti yí ẹnu ìbọn sí ara rẹ̀, ó ń fi ojú kan yọjú wo inú rẹ̀ láti mọ ohun tó ṣe é, ìka rẹ̀ sì ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń fà á.

Mo ní, "Káyọ̀dé, má mira."

Ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ sọ̀rọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Ó dúró. Mo dìde, mo yí ẹnu ìbọn sókè ọ̀run, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti wù kí inú bí mi sí yín tó, mi ò lè dúró kí irọ́ yín fọ́ ojú ọmọ yín. Mo ní kí ẹnì kan fún mi ní ẹyọ ìgbálẹ̀. Màmá Tọ́ba ló lọ fà á yọ wá. Mo tú ihò náà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún fi ohun kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, Olórí Ọdẹ dá a lẹ́kun. Mo gbé e sí èjìká. Mo mí síta, mo dúró níbi tí èémí ti tán.

Ó dún. Àwọn ẹyẹ tú kúrò lórí igi kaṣú, ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún.

Olórí Ọdẹ sún mọ́ mi. Ó ní, "Níbo ni nọ́ọ̀sì ti kọ́ èyí?"

Mo ní, "Lọ́dọ̀ bàbá mi." Mo nawọ́ sí òkè. "Orí òkè yẹn ló ti kọ́ mi."

Kò sí ẹni tó tún wò mí. Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò, nínú ilẹ̀ níbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, àwọn ọdẹ ránṣẹ́. Wọ́n ní kí ilé yìí mú àkùkọ wá fún ètùtù, wọ́n ní ọwọ́ obìnrin ti ba ìbọn náà jẹ́, kò lè wọ àárín tiwọn mọ́. Káyọ̀dé gbé e wá bá mi níbí, ó ní, "Àǹtí, ẹ gbà á. Tiyín ni." Ṣé inú ọkọ̀ òfuurufú ni n ó gbé e wọ̀? Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ihò rẹ̀ àti ibi tí ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ máa kọjú sí. Iṣẹ́ tiyín ni, mo bá yín ṣe é.

Màmá Tọ́ba ń gbè yín. Ó ní ayé ti bàjẹ́, ajínigbé wà lójú ọ̀nà, kò sí bàbá tó máa fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ òun ń gbé ìbọn kiri. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì ni ẹ ti ń pè mí kí ojú ọ̀nà tó bàjẹ́ rárá. Ẹ ò bẹ̀rù ajínigbé nígbà náà. Ẹgbẹ́ yín lẹ bẹ̀rù, àwọn bàbá tí ẹ jọ ń mu ẹmu.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Òtítọ́ lé tiyín bá lánàá, síbẹ̀ irọ́ náà ṣì ń sáré lọ. Kò pẹ́ sí àkókò yìí ni bàbá ẹlẹ́jẹ̀ ríru tún yà wá. Iwájú rẹ̀ ni mo ti yìnbọn, mo rí i níbẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó na apá, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti dín iyọ̀ yẹn kù o." Mo sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń ka.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ mọ̀, n ò sì ní mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí ẹ ṣí fídíò yẹn, tí ẹ rí mi tí mo dùbúlẹ̀ sínú òjò dídì, tí àwọn àmì ń ṣubú, ṣé ẹ rẹ́rìn-ín? Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó rín in, ṣé ẹ rín in?

Ọ̀la ni mo ń padà. Mi ò tíì dárí jì yín, mi ò sì mọ ọjọ́ tí n ó dárí jì yín. Mo fẹ́ràn yín, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí. Ẹ máa sùn, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ́ ní ìbọn,
tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì.